Sátidé Tí Ayé Yóò Parí Láago Méjìlá Ọ̀sán

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó nílé mi ní Òkè-Fìà, mo ń gbọ́ rédíò, ni ọkùnrin kan bá ń pariwo pé òun ti rí ọjọ́ tí ayé yóò parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáwọ́ lé ohun tuntun mọ́. Mo pa rédíò náà. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú mi pa á, ìbínú ni. Ẹni tó kàwé dé yunifásítì, tó sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò yẹ kó máa bá rédíò jà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ẹjọ́ náà ti pẹ́, àwọn tí mo fẹ́ pè síbẹ̀ ti kú tán, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀ mí kó tó lọ. Ilé wa ní Iléṣà ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí a gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti lọ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, tí ọyẹ́ sì mú débi pé oòrùn òwúrọ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo fojú ara mi rí, àfi ibi tí mo bá ti sọ pé wọ́n sọ fún mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n bàjẹ́. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ni, yàrá mẹ́fà, àgbàlá láàárín. Ìgbálẹ̀ Màmá, ìyá bàbá mi, ló máa ń jí mi: ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, pẹ̀lú orin ìyìn kan tó máa ń kùn lábẹ́ imú. Lẹ́yìn náà ni maṣíìnì ìyá mi yóò bẹ̀rẹ̀, nítorí aránṣọ ni ìyá mi, ìdí fèrèsé ló sì máa ń jókòó sí. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń fọ ìkòkò, èmi ni mò ń fún adìẹ lóúnjẹ. Délé, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ròyìn ohun tí mi ò ṣe. Nírọ̀lẹ́, odó á dún. Ilé Ìjẹ̀ṣà ni, iyán là ń jẹ. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí odó wa kò dún, àwọn aládùúgbò á wá béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìyá mi àti Ìyá Fọlá, tó háyà yàrá méjì lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n jọ máa ń gún un, ọmọ odó méjì nínú odó kan, ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn kò sì kọlu ara wọn rí. Bàbá mi kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni ní Òṣogbo, ó gba yàrá kan síbẹ̀. Sátidé ló máa ń wọ bọ́lẹ̀kájà wá bá wa, búrẹ́dì lábíyá, pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn tó máa ń kà sókè bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló jáde.

Ọmọ kẹta wà. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó kú, nígbà òjò ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń wí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn ni maṣíìnì ìyá mi ti máa ń dákẹ́ láàárín iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, á máa wo ìta. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì alágogo tí Màmá ń lọ ní kó gba kámú. Kò fẹ́ gba kámú. Ó wá rí ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde nílùú, níbi tí Wòlíì, ọkùnrin tínrín kan tó ti ṣe káfíńtà rí, tí ohùn rẹ̀ dùn ju ohun tó ń fi í sọ lọ, ti sọ fún un pé yóò fojú rí ọmọ rẹ̀, pé kò ní pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ bá mi dá obìnrin náà lẹ́bi. Èmi ti gbìyànjú rẹ̀ títí.

Wòlíì wá dá ọjọ́. Sátidé kejì nínú oṣù tuntun, aago méjìlá ọ̀sán gééré. Ó ní kì í ṣe òru, nítorí Ọlọ́run fẹ́ kí gbogbo ojú rí i. Àwọn òkú yóò dìde, olúkúlùkù yóò mọ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbìn, àìgbàgbọ́ ló gbìn. Kí a jẹ ohun tí a ní. Kí a rán aṣọ funfun. Kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa lójú ẹni tí a ṣẹ̀. Ìyá mi délé pẹ̀lú ìròyìn náà, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí lórí ẹní, kò gbójú sókè. Ìjẹ̀ṣà ni Màmá máa ń sọ, èmi ni mò ń kọ ọ́ lọ́nà tí gbogbo yín á fi gbọ́.

“Ìyàwó mi, Bíbélì tèmi ní bí olè ni yóò dé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Olè wo ló máa ń sọ aago tí òun ń bọ̀?”

Ìyá mi ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà bá yín lẹ́nu ọ̀rọ̀.” Màmá sì ní kò burú, ẹ̀gúsí ni yóò bá òun lẹ́nu rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ ń ba ẹjọ́ mi jẹ́: inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ju bó ṣe dùn lọ́dún Kérésì lọ. Oúnjẹ ń lọ, oúnjẹ ń bọ̀. Ẹran lójoojúmọ́! Ìyá mi, tó máa ń gé ẹran bíi kó fi ṣe oògùn, ń já a lé wa lọ́wọ́ ní odidi. Kò sí ẹni tó rán mi sí kànga lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé ìwé, mo jókòó, mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pín wọn sí ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, mo sì ṣe àánú fún méjì nínú wọn nítorí pé wọ́n ti fún mi ní gúgúrú rí. Maṣíìnì ìyá mi ń sáré láti àárọ̀ dálẹ́, kò dákẹ́ láàárín iṣẹ́ mọ́. Sùtánà funfun mẹ́rin ló rán: tirẹ̀, tèmi, ti Délé, àti ti bàbá mi tó ti ránṣẹ́ pé òun kò ní wọ̀ ọ́. Mo rí ẹ̀karùn-ún, ó kéré gan-an. Mo ní, “Ìyá mi, ta ló ni èyí?” Ó ní kí n lọ fọ ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n pa Dúdúyẹmí. Àgbébọ̀ mi ni, bàbá mi ló fún mi láti kékeré rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Orí ẹyin mẹ́sàn-án ló ń sàba, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kó pa wọ́n. Mo ti ilé ìwé dé, mo rí ìyẹ́ dúdú lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà, wọ́n ti ń tutù. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ọmọ adìẹ ṣe lọ́run. Wọ́n fún mi ní itan rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mò ń bínú sí. Ní Wẹ́sìdeè, ó kan èbù. Gbogbo iṣu tí a tọ́jú fún gbígbìn, tó wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ni ìyá mi àti Ìyá Fọlá, tí òun náà ti gba Wòlíì gbọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sè tí wọ́n ń gún. Màmá wá dúró tì wọ́n.

“Ìyàwó mi, èbù nìyẹn.”

“Màmá, ta ló fẹ́ gbìn ín?”

“Èmi.” Ó tẹ̀, ó ka ogún sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó jẹ lára iyán náà, ó ní ó kún fún kókó.

Tọ́sìdeè ni ìjẹ́wọ́. Oòrùn ti ń rọ̀, gbogbo wa wà lágbàlá. Ìyá Fọlá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní láti ọdún mẹ́ta ni òun ti ń bu epo nínú kẹ́ẹ̀gì ìyá mi, tí òun sì ń fi omi gbígbóná dí i. Ó ní òun ló sọ ọ́ kiri àdúgbò pé ọbẹ̀ ìyá mi dà bí omi ìfọwọ́. Ìyá mi gbé e dìde, ó ní, “Ìyá Fọlá, mo dárí jì yín, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ nípa epo náà. Èmi náà ló gé létí lára aṣọ tí ẹ gbé wá láti fi rán bùbá, òun ni mo fi rán fìlà Délé.” Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wò! Ó wú mi lórí débi pé èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní ẹja ọjọ́sí tó sọnù nínú ìkòkò, tí wọ́n torí rẹ̀ na Délé, èmi ni mo jẹ ẹ́. Délé fò sókè, ó ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Ìyá mi fọwọ́ kan orí mi, ó ní, “A ti dárí rẹ̀ jì ọ́, Mojí. Kò sí mọ́.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí gbólóhùn yẹn. Mo ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Ẹ ẹ̀ tíì mọ ohun tó jẹ́ kí Sátidé náà ká mi lára ju gbogbo wọn lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi ìdánwò ìwọléèwé girama mi sí, ní Òṣogbo. Bàbá mi ló gba fọ́ọ̀mù náà, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀. Bí mi ò bá ṣe é lọ́jọ́ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ yẹn, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí n máa bá ìyá mi jókòó ti maṣíìnì. Mo fẹ́ ilé ìwé yẹn bí ebi. Mo sì fẹ́ lọ sọ́run pẹ̀lú. Ní Fráìdeè, bàbá mi dé lójijì láti wá mú mi, ó bá ìyá mi, èmi àti Délé nínú aṣọ funfun.

“Ìyá Mojí, kí lẹ̀ ń ṣe nínú ilé yìí?”

“Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Mojí. À ń múra ni. Tiyín wà lórí àga.”

“Ìdánwò ọmọ yìí ni mo bá wá.”

“Kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́run?”

“Tí wọ́n bá ní kó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ńkọ́?”

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun wà nílẹ̀ àjèjì láago méjìlá, òun kò ní máa wá ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láàárín èrò. Bàbá mi ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi dúró láàárín wọn. Ni Màmá bá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, Jésù tó ń bọ̀ yìí, ṣé ó mọ ọ̀nà Òṣogbo?”

“Ó mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Ṣé ó mọ Mojí?”

“Ó mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa. Bó bá ń bọ̀ lọ́la, á yà síbẹ̀ gbé e. Kò ní pẹ́ níbẹ̀.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ìyá mi ní òun gbà, bí mo bá ti lè wọ sùtánà mi sábẹ́ aṣọ ilé ìwé. Ó dè é mọ́ mi nídìí, kó má baà yọ. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, ó di ojú mi mú ní ọwọ́ méjèèjì. “Bí o bá rí Àdùkẹ́ ṣáájú mi, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó máa ń sáré, má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Lójú ọ̀nà lọ sí ibùdókọ̀, ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo sì yà sẹ́yìn ilé ìjọ Wòlíì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo ṣì lè fi búra títí dòní. Ebè. Ebè tútù, erùpẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n ti fi koríko bò wọ́n lórí. Mo ka ebè náà, nítorí pé ẹni tó ń ka nǹkan ni mí láti kékeré: mẹ́tàlélógójì. Wòlíì ti gbin iṣu. Mo pe bàbá mi wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú, ó ní, “Àwọn áńgẹ́lì ló ń gbìn ín fún.” Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé bóyá kó tó ríran ló ti gbìn ín. Mo tún rò ó pé koríko náà ṣì tutù.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ kejì, ooru fẹ́ pa mí nínú aṣọ méjì. Gẹ̀ẹ́sì la kọ́kọ́ ṣe, mo ṣe é dáadáa. Aago mọ́kànlá ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo aago ara ògiri, mo ń wo ìwé. Ìbéèrè kan dá mi dúró: omi ń ṣàn sínú táńkì kan láti aago mọ́kànlá, ó ń lọ báyìí báyìí ní ìṣẹ́jú kan, aago mélòó ni yóò kún? Mo ṣe é, ó já sí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo aago. Mo ro ti Wòlíì. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní kún. Gbogbo ìbéèrè gígùn tó tẹ̀lé e ni mo fò, nítorí pé kò sí àkókò. Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè kí wọ́n tó bí mi. Kò wá sọ fún mi, kò rán mi létí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú sí mi, pé ní Òṣogbo, láago méjìlá ọ̀sán, wọ́n máa ń fun fèrè fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti lọ jẹun.

Fèrè náà dún. Kì í ṣe kékeré. Fèrèsé gbọ̀n, ó gùn, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sókè. Ọgbọ́n orí mi ti rí ebè Wòlíì, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò tíì rí i. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ojú mi dì, ọwọ́ mi nà síwájú, mò ń wá ọwọ́ ọmọ kékeré kan. Nígbà tí fèrè náà dákẹ́, mo lajú. Ní òdìkejì ọ̀nà àárín gbọ̀ngàn náà, ọmọbìnrin kan náà wà lórí eékún lábẹ́ tábìlì tirẹ̀, etí aṣọ funfun yọ lábẹ́ yẹ̀rì rẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti wá, ìròyìn Wòlíì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà, a sì ti jọ di ọ̀rẹ́ títí dòní. A wo ara wa. Bàtà tíṣà obìnrin tó ń ṣọ́ wa dúró láàárín wa.

“Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?”

Mo ní, “Pẹ́ńsù ni, mà.”

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ní, “Èmi náà, mà.”

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Mi ò ní rọ́bà ìpàwérẹ́, mo fi itọ́ pa “kò ní kún” rẹ́ títí ìwé náà fi lu, mo kọ aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Mo kọjú sí ìbéèrè mìíràn, mo tún kọjú sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ní kí a dúró, mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀, òógùn sì ti mú kí sùtánà lẹ̀ mọ́ mi lára.

Sọ́ńdè la padà sí Iléṣà. Odó kò dún. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìjọ dúró ní gbangba títí oòrùn fi wọ̀, pé Wòlíì wá jáde, ó ní àdúrà wọn ló gbà, pé Ọlọ́run ti fi kún àkókò, kí wọ́n yọ̀. Ìyá mi kò yọ̀. Ó jókòó ti maṣíìnì, kò rán nǹkan kan, sùtánà kékeré náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí i dáadáa báyìí. Ó gùn ju Àdùkẹ́ tí mo mọ̀ lọ. Ó ti rò ó pé ọmọ náà á ti dàgbà.

Ní Mọ́ńdè, ayé tó kù bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi wọn epo rẹ̀ wò, ó lé Ìyá Fọlá dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Fọlá ní kó fún òun ní fìlà Délé. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá mi pè mí, ó ní kí n wá nípa ọ̀rọ̀ ẹja. Mo ní, “Ẹ ti dárí jì mí.” Ó ní ìyẹn ti Tọ́sìdeè ni. Mo wá sọ ti ebè mẹ́tàlélógójì. Ó ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ ẹni Ọlọ́run, ó sì fi ìyẹn kún un. Pàṣán mẹ́fà fún ẹja, mẹ́rin fún òtítọ́. Mi ò tíì rí adájọ́ tó ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀bà la jẹ lọ títí iṣu tuntun fi dé, nínú ilé Ìjẹ̀ṣà. Èbù ogún tí Màmá tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan la gbìn. Iṣu Wòlíì ta dáadáa. Gbogbo ìlú rí i nígbà tó gun òpó, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí lẹ́tà dé. Wọ́n gbà mí. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí wọ́n rò nípa ihò inú ìwé yẹn. Bàbá mi ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lára ohun tí wọ́n ní kí n mú wá ni búláòsì funfun méjì. Ìyá mi mú sùtánà mi, erùpẹ̀ gbọ̀ngàn Òṣogbo ṣì wà níbi eékún rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tú u, ó gé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lórí maṣíìnì. Ìkínní parí. Ìkejì fẹ́ parí, ó ku kọ́là, aṣọ sì ti tán. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó fa sùtánà kékeré náà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án dáadáa. Màmá dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró ní ìta. Mo fẹ́ sọ pé búláòsì kan ti tó mi. Ó mú àlùmágàjí.

Ó ní, “Mojí, sún mọ́ mi, kí n wọn ọrùn rẹ.”